Bí Eré Ìjà Ṣe Lè Kọ́ Ọ̀dọ́ Ní Ìfaradà Láì Sọ Ọ́ Di Jàǹdùkú

Nínú dambe, ìyẹn ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa, bí oníjà kan bá na ẹnì kejì rẹ̀ ṣubú, wọ́n á ní ó ti "pa" á. Ọwọ́ kan ni oníjà ń fi aṣọ àti okùn dì pinpin, èyí tó dúró fún ọ̀kọ̀. Ọwọ́ kejì tó ṣí sílẹ̀ ni asà. Àwọn alápatà ni wọ́n mọ ìjà yìí mọ́ jù láyé àtijọ́. Ẹni tí wọ́n "pa" lónìí á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á sì tún padà wá jà lọ́jọ́ mìíràn.

Kaduna wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ja dambe. Ní àdúgbò Tudun Wada nílùú náà, ìṣubú àti ìdìde kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Rògbòdìyàn tó wáyé ní Kaduna lọ́dún 2000, 2002 àti 2011 gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò Kaduna, níbi tí Tudun Wada wà, tí ọ̀pọ̀ Kristẹni sì kó lọ sí gúúsù. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀bẹ gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn tún di ẹrù jẹ̀jẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Kò yani lẹ́nu bí òbí kan níbẹ̀ bá gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ kọ́ kàrátè, tó sì béèrè pé: ṣé kì í ṣe pé à ń pọ́n ọ̀bẹ fún wèrè báyìí?

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Lọ́dún 1986, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Michael Trulson, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọkùnrin 34 tí wọ́n ti ń hu ìwà ọ̀daràn. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta fún oṣù mẹ́fà. Àwọn àkọ́kọ́ kọ́ taekwondo pẹ̀lú ìlànà rẹ̀: ìbọ̀wọ̀fúnni, sùúrù, ìkóra-ẹni-níjàánu àti àṣàrò. Ìjà nìkan ni wọ́n kọ́ àwọn ìkejì. Àwọn ìkẹta ń sáré, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìwà jàgídíjàgan dínkù lára àwọn àkọ́kọ́. Lára àwọn ìkejì, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Lóòótọ́, ọmọ 34 kò tó ohun tí a fi ń ṣòfin, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àbájáde náà yẹ ní ohun tí òbí ń gbé yẹ̀ wò.

Kí ló wà nínú ìlànà ọ̀hún? Ẹ jẹ́ ká wo júdò, tí olùkọ́ ọmọ Japan kan, Jigoro Kano, dá sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn, yóò kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, á fi apá lu ẹní kí agbára ìṣubú lè tú ká, kí orí má baà gbá ilẹ̀. Á ṣe é títí ìbẹ̀rù ilẹ̀ yóò fi kúrò lára rẹ̀. Kano tún kọ́ wọn pé ẹni tí a jọ ń jà ni olùrànlọ́wọ́ wa, torí láìsí i, a kò lè mọ ibi tí a kù sí.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́ tó gbòdo nínú ìdánwò, tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lè lo ẹ̀kọ́ kan náà: kí ó mí kanlẹ̀, kí ó wo ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀, kí ó tún un ṣe díẹ̀díẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré ìdárayá fún ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́. Eré ìjà lè wà lára rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe àrọ́pò dókítà. Ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò rí oorun sùn tàbí tí kò rí oúnjẹ jẹ, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí òbí tó sanwó, kí ó lọ jókòó wo olùkọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́: kí ló ń ṣe bí ọmọ kan bá ṣubú? Bí ẹnikẹ́ni bá sì gba ẹ̀ṣẹ́ sórí, ní dambe tàbí ní ibòmíràn, kò gbọdọ̀ tún jà lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tàbí tó dákú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.