Irun Dídì àti Irun Kíkó

Bí obìnrin Yorùbá bá ń múra ọdún, orí ni ó máa ń kọ́kọ́ rò. Aṣọ lè ti wà nínú àpótí láti èṣí, ṣùgbọ́n kò sí bí irun oṣù tí ó kọjá ṣe lè bá a dé ojúde ọdún. Ìdí nìyí tí ilé onídìrí fi máa ń kún fọ́fọ́ bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ku ọjọ́ mẹ́ta, tí àwọn ọmọdé a sì máa tòògbé lórí ìjókòó kí ó tó kàn wọ́n. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ wo bí irun àwọn obìnrin wa ṣe ń bá ìgbà yí, àti ohun tí ìyípadà náà ń ṣe sí irun fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ìyá wa ń gbà ṣe irun. Èkíní ni irun bíba: kí obìnrin pín irun rẹ̀ sí ìdì ńlá mélòó kan, kí ó sì bà á pọ̀ nínú ilé kí ó má baà ta kókó, títí yóò fi rí onídìrí. Kò sí ẹni tí ń fi irun bíba lọ sí òde ìyàwó. Èkejì ni irun dídì, èyí tí a fi ìlarun là lẹ́sẹẹsẹ, tí a sì fi ìka dì mọ́ awọ orí. Ẹ̀kẹta ni irun kíkó, èyí tí a fi òwú dúdú wé láti ìdí títí dé ṣóńṣó.

Irun dídì ní àwọn orúkọ tí ó ti pẹ́, ìrísí ni ó sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ. Bí gbogbo ìlà irun bá gòkè láti etí, láti iwájú àti láti ìpàkọ́, tí wọ́n sì pàdé ní àtàrí bí apẹ̀rẹ̀, ṣùkú nìyẹn. Bí ó bá ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì parẹ́ sí ọrùn, kọ̀lẹ́sẹ̀ ni. Bí ó bá ti ọrùn bẹ̀rẹ̀ tí ó kọjú síwájú, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ yìí kò bẹ̀rù ẹnu àwọn obìnrin rárá. Pàtẹ́wọ́ ni èyí tí ìlà rẹ̀ ti ọ̀tún àti òsì wá pàdé ní agbedeméjì orí, bí ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀.

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni irun wà fún láyé àtijọ́. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ìránṣẹ́ ọba tí à ń pè ní ìlàrí a máa fá apá kan orí rẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí i lè mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, a máa dirun bí obìnrin.

Ṣùgbọ́n irun kíkó ni ó fi ìgbà hàn jù lọ. Òwú a máa mú kí irun le, tó bẹ́ẹ̀ tí onídìrí lè tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó ti wù ú, tàbí kí ó nà án sókè. Nítorí náà ni ó fi rọrùn láti fi í ṣe àwòrán ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílùú. Nígbà tí a kọ́ afárá Èkó láàárín ọdún 1965 sí 1975, irun tí a tẹ̀ kọjá lórí ara wọn jáde, a sì pè é ní Èkó Bridge. Ilé alájà púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní àwọn ìlú ńlá, irú Cocoa House ní Ìbàdàn tí a parí ní 1965. Irun kan wà tí ó ga sókè tí a ń pè ní Onílé Gogoro. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó sì tán ní oṣù kìíní ọdún 1970. Irun pẹ̀lú kò ṣàì gbọ́, nítorí a rí èyí tí a ń pè ní Ogun Parí. Ọpẹ́lọpẹ́ ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó kú ní 2014. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, láti ẹ̀yìn orí nígbà púpọ̀, títí àwòrán náà fi sún mọ́ 1,000. Bí kò bá sí iṣẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ irun wọ̀nyí ì bá ti di ìtàn àgbọ́sọ, nítorí kò sí irun kíkó tí ó pẹ́ lórí ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí irun ń bá yí, èyí tí ojú ọjọ́ ń pàṣẹ rẹ̀. Irun wa ká kórókóró, òróró tí awọ orí ń sun kò sì rọrùn láti rìn dé ṣóńṣó rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a fa omi inú irun jáde, irun a sì máa ṣẹ́. Àwọn ìyá wa kò kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nílé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òrí àti àdín ni à ń fi pa á, àti pé irun tí a fi òwú wé kì í tètè ṣẹ́, nítorí òwú bò ó mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Òwú tilẹ̀ ń na irun láìlo iná. Ẹni tí ó fi ìyarun gbígbóná na tirẹ̀ kò ní ṣàì kábàámọ̀ bí òjò bá pa á, nítorí bí omi bá ti kàn án, yóò tún ká padà. Oògùn tí ń na irun pátápátá kò bìkítà fún òjò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n irun tuntun tí ń hù nísàlẹ̀ a tún ká bí ti àná, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni irun sì ti máa ń ṣẹ́.

Àwọ̀ pẹ̀lú ń yí. Àgbà obìnrin tí ewú bá gba orí rẹ̀ a máa pa á láró dúdú, ṣùgbọ́n pupa tàbí àwọ̀ góòlù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní ń fẹ́. Kí irun dúdú tó di àwọ̀ góòlù, oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bó dúdú inú rẹ̀ kúrò, irun a sì di gbígbẹ. Ẹni tí ó gbọ́n a wá irun àtọwọ́dá aláwọ̀ dì mọ́ tirẹ̀, yóò sì tú u dànù lẹ́yìn ọdún.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni fífà. Bí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀, gbogbo ènìyàn ń fẹ́ irun tí yóò pẹ́, onídìrí a sì fà á gan-an. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sùn mọ́jú ọdún nítorí kò lè gbé orí lé ìrọ̀rí. Ibi iwájú orí àti ẹ̀bá etí ni ìyà náà ń pọ̀ sí, nítorí irun ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Roro kéékèèké a kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà irun a bẹ̀rẹ̀ sí re. Bí a bá tètè tú u tí a sì jẹ́ kí orí sinmi, irun náà lè padà hù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, gbòǹgbò a kú, awọ ibẹ̀ a sì máa dán.

Ìyá àgbà onídìrí kan wà ní àdúgbò wa tí kì í jẹ́ kí ọmọ kankan dìde kí ó tó dán an wò. Bí ó bá ti di ìlà àkọ́kọ́ tán, a yí ojú ọmọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, a sì wí pé, "Ọmọ mi, rẹ́rìn-ín kí n rí ọ." Bí ọmọ náà kò bá lè rẹ́rìn-ín dáadáa, ìyá náà a mú ìlarun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u.