Ta ni kò sí nínú òǹkà àwọn tó ń wo ìkànnì ilé ìkàwé?

Oṣù October 2016 ni òǹkà ilé iṣẹ́ StatCounter kọ́kọ́ fi hàn pé fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ti borí kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri àgbáyé, 51.3% sí 48.7%. Tí ilé ìkàwé kan bá wá rí i pé kọ̀ǹpútà ló ṣì ń léwájú lórí ìkànnì tirẹ̀, ó máa ń yá àwọn alákòóso rẹ̀ lára láti sọ pé àwọn òǹkàwé wọn kì í lo fóònù. Èmi ò gbà. Ẹ̀rọ tó wọlé ni òǹkà yẹn rí. Bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá há, iye àwọn tó ráyè wọlé kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn yòókù ò fẹ́ rajà.

Ẹ wo bí òǹkà náà ṣe ń wáyé. Lọ́pọ̀ ilé ìkàwé, ojú ewé ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tó kàn fẹ́ wo ímeèlì rẹ̀ ti di àlejò ìkànnì nìyẹn. Látìgbà tí Apple ti gbé iPadOS 13 jáde ní 2019, Safari orí iPad sábà máa ń pe ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà Mac, òǹkà á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fóònù wá ìwé nínú bọ́ọ̀sì, tó tún fi láptọ́ọ̀pù wá a nílé, sábà máa ń di èèyàn méjì, torí kúkì, ìyẹn àmì tí ìkànnì ń fi sínú bùráúsà, ni òǹkà ń kà. Ẹni tó sì fi áàpù Libby yá ìwé lè má kan ìkànnì náà rárá.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ta ló ń fi fóònù ka àpilẹ̀kọ olójú ewé 40? Òótọ́ ni, iṣẹ́ ìwádìí fẹ́ ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, tàbí tó fẹ́ fi ọjọ́ kún ìwé tó yá, kò nílò rẹ̀. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pàápàá jù lọ, ìwádìí tí àjọ Pew ṣe ní 2021 fi hàn pé 15% àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà ló ní fóònù ìgbàlódé láìní íntánẹ́ẹ̀tì brọ́ọ̀dìbáńdì nílé. Torí irú wọn gan-an la ṣe ń fi owó ìlú kọ́ ilé ìkàwé.

Ẹ̀yin alákòóso, kí ẹ tó yọ àtúnṣe ìkànnì fún fóònù kúrò nínú ètò ìnáwó, ẹ mú fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, ẹ fi dátà rẹ̀ gbìyànjú láti fi ọjọ́ kún ìwé kan lórí ìkànnì yín.