Iná Ọjà: Ká Tètè Múra

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n. Lóṣù November 2019, iná jó ní ọjà Balógun l'Ékòó, òwò ọ̀pọ̀ ènìyàn di eérú. Ẹkún kì í pa iná. Ìmúrasílẹ̀ ló dára.

Ká pa iná mànàmáná ká tó ti ṣọ́ọ̀bù, torí bí wọ́n bá mú iná dé lóru, wáyà tó bó lè gbiná. Ká má tọ́jú bẹntiróòlù sí ìsọ̀. Ká gbé yanrìn gbígbẹ sítòsí: omi kì í pa iná epo, ńṣe ló ń tàn án ká. Ká má fi ọjà dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ panápaná. L'Ékòó, 112 tàbí 767 là ń pè.

Garawa yanrìn kan kò wọ́n tó ọjà ìsọ̀ kan. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ìjà iná o.