Olúmirin Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: Ọjà pọ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n omi ló ń pe èrò wá

Ẹni tó bá yà kúrò lójú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, tó kọrí sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, omi Olúmirin ló ń wá lọ. Ìpele 7 ni omi náà fi ń já wálẹ̀ láàárín igbó àti àpáta. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1140, tó pè é ní olú mìíràn. Látìgbà náà làwọn ará ìlú ti ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ìpele kìn-ín-ní kò le. Èyí tó kù ló ń gba agbára: ọwọ́ á máa di gbòǹgbò igi mú, ẹsẹ̀ á máa wá ibi tí kò yọ̀. Àǹfààní oníṣòwò wà níbẹ̀. Àlejò tó wọ sálúbàtà wá yóò wá bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, yóò wá igi ìtìlẹ̀, yóò wá ọ̀rá tí yóò fi di fóònù. Tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ tán, ebi á ti dé. Ẹni tó bá ní ìrẹsì gbígbóná tàbí iyán nílẹ̀ kò ní í pariwo kó tó tà.

Àmọ́ ọjà yìí ní ìgbà tirẹ̀. Kérésìmesì àti Ọdún Tuntun lèrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀, àárín ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, nígbà tómi ti dín kù. Nígbà tí òjò bá mú kómi náà máa hó, àpáta á yọ̀, ẹlòmíràn á sì dúró sílé. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé ọjà oṣù Kejìlá lè jókòó ti ọjà di Ọdún Àjíǹde. Àwọn iléèwé tó ń kó ọmọ wá wòran ló yẹ kéèyàn tètè bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wá le jù ni ti ìdọ̀tí. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20 ni. Èyí tí wọ́n bá jù sílẹ̀ lókè, omi yóò gbé e wá bá àwọn tó wà nísàlẹ̀, àlejò tó bá sì rí ìdọ̀tí lónìí kò ní í mú ọ̀rẹ́ wá lọ́la. Àwọn tó ń ta míníràá ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́: wọ́n ń gba owó ìgò. Kí ló dé tí ẹni tó ń ta omi lẹ́sẹ̀ òkè kò lè gba owó díẹ̀ lórí ọ̀rá, kó dá a padà fẹ́ni tó bá mú ọ̀rá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀? Ọ̀rá tó bá kó jọ kò ní í ṣòfò, torí àwọn tó ń yọ́ ọ̀rá ń rà á ní kílò.