Nígbà tí Àìsàn bá Dá Oníṣẹ́ Ọwọ́ Dúró

Ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Ọ̀yọ́, àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, púpọ̀ nínú àwọn tí ń tọ̀ wá wá ni kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan: télọ̀, ọlọ́kadà, àwọn tí ń fín igbá, àwọn ìyá aláta ọjà Akẹ̀sán. Bí ọwọ́ wọn kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, owó kò wọlé lónìí.

Mo máa ń rí ohun tí èyí ń fà. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oṣù mẹ́fà ni a sì sábà máa ń lò ó. Síbẹ̀ ẹlòmíràn á pa á tì ní oṣù kejì. Kì í ṣe agídí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò rí oúnjẹ jẹ, ni ó bá padà sí ẹnu iṣẹ́. Bí ikọ́ náà bá tún dé, ó lè má gbọ́ oògùn àkọ́kọ́ mọ́.

Owó méjì ni àìsàn ń béèrè, owó ìwòsàn àti owó oúnjẹ ilé, àwọn ènìyàn a sì máa da méjèèjì pọ̀. Òfin ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ní ìpínlẹ̀ wa, OYSHIA ni ó ń bójú tó o, ó sì gba ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ó dára, ẹ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni wọ́n ń sanwó fún. Kò sí kọ́bọ̀ tí yóò bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ yín.

Ti ìkòkò ọbẹ̀ ńkọ́? Owó ara yín ni alájọ ń dá padà, yóò sì ti yọ ti ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó dá ọjọ́ mẹ́wàá kí àìsàn tó dé, ti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni yóò gbà. Owó èsúsú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ni ó kàn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ a máa yáni lówó. Gbèsè ni, ara tí kò tíì le ni yóò sì san án.

Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń ta ti ìjàm̀bá. Bí egungun ẹsẹ̀ ọlọ́kadà bá kán lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè máa gbowó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí di ìgbà tí ìwé wọn dá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibà àti ikọ́ kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i: Àìsàn wo ni ẹ ń sanwó lé? Ọjọ́ mélòó ni n ó dùbúlẹ̀ kí owó tó bẹ̀rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò fi wá? Bí wọ́n bá bi yín nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fi pamọ́, nítorí wọ́n lè torí rẹ̀ kọ̀ láti san. Ẹ gba rìsíìtì pẹ̀lú. Òfin sọ pé ẹni tí kò tíì sanwó kò tíì ní adójútòfò.

Ní tèmi, ohun tí ó tọ́ sí télọ̀ tàbí afíngbá jù ni kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wọn ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀. (Owó aṣọ ẹgbẹ́ ṣáà ń jáde lọ́dọọdún!) Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: èló lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó, kí aláìsàn sì mú ìwé dókítà wá. Ìwé yẹn, ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Bí oṣù bá ti kọjá, ó máa ń ṣòro láti kọ.