Ẹ Má Tì Í Mọ́lé Kí Ẹ Tó Mú Un Wá
Ìlàlóye fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí àti fún ẹbí rẹ̀, ní Olúpọ̀nnà àti agbègbè Ìwó

Àwọn ẹbí tó ń wá ẹgbẹ́ tí ènìyàn wọn lè bá jáwọ́ nínú ọtí ṣì ń rò pé ó gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ ná kí ẹgbẹ́ tó gbà á. Nítorí èyí, wọ́n á gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ọtí lè dá lójú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa mú un dé ọ̀dọ̀ wa ní ilé ìtọ́jú ní Olúpọ̀nnà níbí, ara rẹ̀ á ti máa gbọ̀n, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ta ni ẹgbẹ́ ń gbà?

Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú ẹgbẹ́ yìí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: kó wu ẹni náà fúnra rẹ̀ láti jáwọ́. Ẹni tó mutí lánàá lè lọ lónìí. Ẹni tó ti jáwọ́ tẹ́lẹ̀ tó tún padà sídìí rẹ̀ lè lọ. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín wọlé, ó rẹ́ yín jẹ ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì

Ẹni tó ti ń mu ògógóró, páráàgà tàbí ọtí inú ọ̀rá lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ ti gbára lé e. Bí ọtí bá dúró lójijì, ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24, kó máa làágùn, kó máa bì, kó má rí oorun sùn. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ọpọlọ rẹ̀ lè dàrú: á máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń sọ pé àsàsí ni, tí wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà tàbí sọ́dọ̀ babaláwo. Kì í ṣe àsàsí. Ọtí tó dúró lójijì ló fà á, ó sì lè pa á.

Dókítà ní oògùn tí a fi ń mú ara kúrò nídìí ọtí díẹ̀díẹ̀, a sì máa ń fún aláìsàn ní fítámì B1 kí ọpọlọ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Nítorí náà, bí ọtí bá ṣì ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀. A ò ní lé e. Ẹ sọ iye tó ń mu gan-an fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má torí ìtìjú dín in kù, torí iye yẹn ni a fi ń mọ oògùn tó yẹ ẹ́.

Bó bá ti ń gbọ̀n tàbí gìrì ti gbé e, ẹ má dúró de ìgbà tí a máa ṣílẹ̀kùn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba ní Ìwó lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ìpàdé ẹgbẹ́ kì í ṣe ìtọ́jú gìrì. Ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ kàn, ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé e.

Ibi tí ẹ ti lè rí ẹgbẹ́

Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Òṣogbo, ní Ilé-Ifẹ̀, ní UCH Ìbàdàn, tàbí ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Àrò, Abẹ́òkúta. AA tún ń ṣèpàdé lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ kí ará àdúgbò rí òun.

Ènìyàn méjì péré sì tó láti dá ẹgbẹ́ AA sílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935: Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, ọmùtí méjì tí wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ irú rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà níbí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ń wá ẹnìkejì. A ò ní dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ lẹ́nu yín.

Àwọn Mùsùlùmí kan ń bẹ̀rù nítorí pé inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń pàdé. AA kò so mọ́ ẹ̀sìn kankan, kò sì ní yí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni padà.

Ọ̀rọ̀ àgbo

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Ẹni tó ti jáwọ́ kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹ ní kí aláàgbo fi omi se tiyín.

Bó bá ń lo tramadol tàbí igbó mọ́ ọtí

Ẹ pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, lórí 0800 1020 3040 fún ìmọ̀ràn. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ

Ẹgbẹ́ tiyín náà wà, Al-Anon, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951 fún ẹbí àwọn ọmùtí. Bí ẹni náà bá kọ̀ tí kò fẹ́ wá, ẹ má fi ìyẹn jókòó sílé. Ẹ̀yin ẹ wá.