Owó oṣù kan náà, ìnáwó ọ̀tọ̀: Ohun tí ìwádìí kan fi hàn nípa àwọn akanda ẹ̀dá

Tí ènìyàn méjì bá ń gba owó oṣù kan náà, ṣé a lè sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè tó sún mọ́ èyí ni Wiebke Kuklys, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé yẹ̀ wò nígbà tó ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣe ìwádìí rẹ̀ o, àmọ́ ohun tó rí níbẹ̀ kan àwọn akanda ẹ̀dá tó wà láàárín wa níbí gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo iye tó rí. Lápapọ̀, ìdá 17.9 nínú 100 ènìyàn ló ń gbé nínú ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ tálákà. Nígbà tó wá yọ àwọn ìdílé tó ní akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, ó di 23.1. Ìyẹn ò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Iṣẹ́ kì í tètè bọ́ sọ́wọ́ akanda ẹ̀dá, ẹni tó sì ń tọ́jú rẹ̀ nílé kì í ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe fẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tó fi àfikún owó tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nílò kún ìṣirò, kí wọ́n tó lè gbé irú ayé tí àwọn yòókù ń gbé. Iye náà fò sókè, ó di 47.4. Tí ẹ bá ka ènìyàn méjì nínú irú àwọn ìdílé yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìyà ń jẹ ọ̀kan.

Amartya Sen, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí nígbà tó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, The Idea of Justice, tó jáde lọ́dún 2009. Ó ṣeni láàánú pé àrùn jẹjẹrẹ pa Kuklys kété tó parí iṣẹ́ náà. Sen ní ìṣòro méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní ni àtirí owó. Èkejì ni àtisọ owó tí èèyàn ti rí di ìgbádùn ara rẹ̀. Àwọn ìjọba máa ń ka èkíní, wọn kì í ka èkejì.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní àwọn méjì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, tí kálukú ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù lọ́dún 2024. Ẹni àkọ́kọ́ ń wọ danfo ní ₦500 lọ, ₦500 bọ̀. Ẹni kejì ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ọ̀kadà ò lè gbé e. Awakọ̀ danfo kì í dúró, tó bá sì dúró, kọ́ńdọ́ á ní kó sanwó àyè méjì torí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ló bá di pé kó máa dá kẹ̀kẹ́ Màrúwà gbé, ká pè é ní ₦1,500 lọ, ₦1,500 bọ̀. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ẹni àkọ́kọ́ ná ₦22,000 sórí ọkọ̀, ₦48,000 kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni kejì ná ₦66,000. ₦4,000 ló kù fún un láti fi jẹun, san owó ilé, ra oògùn. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo lò yìí. Ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò yín rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tún un ṣírò. Àwọn kan á wá máa sọ pé, "A fún un níṣẹ́, kò ṣe é."

Ká tó lè ṣèrànwọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó yẹ ká mọ iye tí wọ́n jẹ́. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé, WHO, ní ènìyàn bílíọ̀nù 1.3 ni akanda ẹ̀dá káàkiri ayé, ìyẹn ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka orí ní Nàìjíríà lọ́dún 2006, nínú èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 140, mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ akanda ẹ̀dá. Kò tó ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ara tiwa le ju ti gbogbo ayé lọ ni?

Bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ni. Tí akàròyìn tàbí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn bá kan ilẹ̀kùn tó ní, "Ṣé ẹ ní akanda ẹ̀dá nínú ilé yìí?", ìyá ọmọ á ní rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, ẹni òòṣà làwọn baba wa ń pe àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì ní ká má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi ọmọ ọ̀hún pa mọ́ sí tí àlejò bá dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń lo ìbéèrè mẹ́fà báyìí, tí kò dárúkọ àìsàn kankan. Ṣé ó máa ń ṣòro fún un láti ríran, kódà tó bá lo awò ojú? Láti gbọ́rọ̀? Láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan? Láti wẹ̀ kó sì wọṣọ fúnra rẹ̀? Láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ yé? Nígbà tí wọ́n lo irú ìbéèrè yìí nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, wọ́n rí i pé ìdá 7 nínú 100 lára àwọn tó ti lé lọ́dún márùn-ún ló ní ìṣòro nínú ó kéré tán ọ̀kan lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ní ti òfin, a ò kẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin àpapọ̀ tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á san ìtanràn ₦1,000,000. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ni, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin yẹn ní ẹ̀kọ́ akanda ẹ̀dá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ó ní tí wọ́n bá ń tò sórí ìlà, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó tún ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni máa kó akanda ẹ̀dá kiri láti fi ṣagbe, bí ẹ ṣe ń rí i lábẹ́ afárá wọ̀nyẹn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mi ò fara mọ́. Òfin ní kí àwọn akanda ẹ̀dá tó ìdá 5 nínú 100 lára òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, àmọ́ wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀gá tí kò fẹ́ gbani síṣẹ́ máa fi gbólóhùn yẹn ṣe.

Òfin ọ̀hún fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe, kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Ẹ yọjú sí báńkì, kóòtù àti ọ́fíìsì káńsù tó sún mọ́ yín, kí ẹ ka àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ rédíò kan tí sítúdíò wà lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A pe arákùnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá. Ìsàlẹ̀ nínú ọgbà ló jókòó sí, a sì fi fóònù pè é láti òkè. Àwọn olùgbọ́ ò mọ̀. Àwa mọ̀.

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ ò tíì gbọ́. Tí akanda ẹ̀dá ò bá lè wọ ibi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀, ó lè fi tó àwọn aláṣẹ ibẹ̀ létí pé ọ̀nà ò sí, láìjẹ́ pé ó pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti lọ sí kóòtù. Kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Tí wọn ò bá ṣe é, tó sì jẹ́ iléeṣẹ́ ni, ₦10,000 ni wọ́n máa san fún ẹni náà gan-an fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi fà á nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.